Abẹ Solingen tí bàbá ìyá fi sílẹ̀: bí a ṣe dá ẹnu rẹ̀ padà

Ẹni tó gbé abẹ náà wá jẹ́ tíṣà, ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, kò sì fi irú abẹ bẹ́ẹ̀, abẹ gbọọrọ tó ń ká wọnú kùkù rẹ̀, fá irùngbọ̀n rí. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló ni ín. Onígbàjámọ̀ ni bàbá yẹn n'Ìbàdàn, láyé ìgbà tí àga kan, dígí kan àti aṣọ funfun kan ti tó ẹni dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù lẹ́yìn òkú ìyá àgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n kó aṣọ òfì, wọ́n kó iyùn, agolo bisikíìtì kan tí nǹkan ń ró nínú rẹ̀ ló kù tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Inú agolo yẹn ni abẹ wà, òun àti awọ gbọọrọ kan tó ti gan, irú èyí tí wọ́n máa ń fa ẹnu abẹ lé kó tó fá irun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pọ́n ọn. Mo fẹ́ máa fi fá àgbọ̀n mi ni o, mi ò fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri."

Mo ní kó jókòó ná. Kí abẹ mú lọ́tọ̀, kó fá irùngbọ̀n lọ́tọ̀. Ọ̀bẹ alápatà mú dáadáa, ẹ kò sì ní gbé e súnmọ́ ọ̀fun. Mo ń kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nítorí pé ohun tó ṣe abẹ náà kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá. Bí abẹ bá kọ̀ tí kò fá, òkúta tó kúnná jù lọ ni wọ́n ń bèèrè, tàbí ọṣẹ tí wọ́n ń fi kun awọ. Orí òkúta àkọ́kọ́, èyí tí ìkúnná rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, ni ọ̀rọ̀ abẹ ti ń bàjẹ́ tàbí tó ti ń dáa.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti ra ọṣẹ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi dán ẹnu irin, ó sì ti ń fi abẹ náà pa awọ inú agolo yẹn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó ní apá kan lẹ́nu abẹ náà ń fá irun apá òun, apá kejì ń fà á tu. Gbólóhùn yẹn gan-an ló ti sọ ibi tí àrùn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun rò pé ọṣẹ náà ni kò dáa. Aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń ṣe wẹ́dà sì ti ní kó gbé e wá, pé òun á fi masíìnì fá a ní wéré. Orí ló yọ abẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Lẹ́yìn tí alágbẹ̀dẹ bá ti mú kí irin abẹ pọ́n nínú iná, tó sì mú kó tutù lójijì, irin náà á le débi pé ó lè fọ́. Wọ́n á tún gbé e sínú ooru kékeré, nǹkan bíi digirí Sẹ́lṣíọ̀sì 150 sí 200, kí líle rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá tún gbóná ju èyí lọ nígbà kankan, líle yẹn ti lọ nìyẹn, kò sí òkúta tó lè dá a padà. Ẹnu abẹ sì tinrin tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi kọjá 200 lójú òkúta oníyíyí kí ìka tó gbọ́ ooru rárá. Àwọ̀ ló máa ń tú àṣírí rẹ̀: irin á kọ́kọ́ di àwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ aró. Mo wá àwọ̀ aró lẹ́nu abẹ yìí láti ìdí dé ṣóńṣó, mi ò rí i. Ó yá, a lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Lára irin, ní ìsàlẹ̀ níbi tí ìka ti máa ń dì í mú, mo fi awò ka ọ̀rọ̀ méjì: SOLINGEN, àti GERMANY lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó rọ ọ́ ti pa rẹ́. Ìlú kan ni Solingen ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì, kò jìnnà sí Cologne àti Düsseldorf. Omi odò Wupper ni wọ́n fi ń yí òkúta ìpọ́nrin wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orogún wọn. Àwọn ará Sheffield máa ń ráhùn pé àwọn ará Solingen ń tẹ orúkọ Sheffield sára ọ̀bẹ tiwọn kó lè tà, ìráhùn yẹn sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lọ́dún 1887 pé kí ọjà òkèèrè máa gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Wọ́n fẹ́ fi dójú ti ọjà Jámánì ni. Kò pẹ́ tí orúkọ yẹn fi di ohun tí oníbàárà ń wá lára irin kó tó sanwó. Nígbà tó di 1938, Jámánì náà ṣòfin tirẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ Solingen sára ohun tí wọn kò ṣe ní Solingen.

Ohun tó kàn mí jù níbẹ̀ ni irin náà. Irin oníkábọ́ọ̀nù púpọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe irú abẹ báyìí, kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà. Ó máa ń gba ẹnu tó tinrin gan-an, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀.

Mo wọ̀n ọ́n. Láti ẹ̀yìn dé ẹnu jẹ́ mìlímítà 16, èyí tí àwọn tó mọ abẹ ń pè ní 5/8, nítorí ìdá mẹ́jọ íńṣì ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ abẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 4.6. Nọ́ńbà méjì yìí ló dá igun ẹnu rẹ̀: ẹ tẹ́ abẹ sílẹ̀ gbalaja lórí òkúta, kí ẹ̀yìn àti ẹnu jọ kàn án, igun tí òkúta máa dá sẹ́nu rẹ̀ á wà láàárín digirí 16 sí 17. Ọ̀bẹ ìdáná sábà máa ń tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó rọ abẹ ti gbé igun náà pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń pọ́n ọn kò ní igun kankan láti wá. Àwọn olóòlà tiwa kò ní irú ìrọ̀rùn yẹn. Abẹ wọn kò ní ẹ̀yìn tó nípọn, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń mọ ibi tí igun wà. Mo máa ń rántí wọn nígbà tí ẹnìkan bá ń ráhùn sí mi pé pípọ́n abẹ òyìnbó le.

Wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú, débi pé tí ẹ bá fi èékánná ta ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó ń dún. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ́jú níbi tó máa ń kan òkúta, ìtẹ́jú náà ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sí ṣóńṣó. Ọwọ́ bàbá nìyẹn. Nígbà tó bá ń fa abẹ lọ sí òpin òkúta, ó máa ń tẹ ṣóńṣó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ iṣẹ́ ni, ó ti gun òkúta títí. Mo fi ibẹ̀ han ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì ń fi ìka pa á lọ pa á bọ̀.

Ìpẹtà ló kàn. Kùkù abẹ náà ní àwọ̀ igbá ahun, yẹ́lò àti búráwùn tó wọnú ara wọn. Kì í ṣe igbá ahun. Mo fi omi gbígbóná rẹ aṣọ, mo fi pa á lára, mo gbé e sí imú, òórùn káńfọ̀ ló ń jáde. Sẹlulóìdì nìyẹn, ohun tí wọ́n ń fi òwú tí ásíìdì ti pa dà àti káńfọ̀ ṣe, tí àwọn alábẹ ń lò dípò ìwo àti eyín erin. Nígbà tí sẹlulóìdì bá gbó, ó lè máa jẹrà láti inú wá, á máa tú èéfín ásíìdì jáde díẹ̀díẹ̀. Abẹ tó bá ń sùn nínú irú kùkù bẹ́ẹ̀ á dípẹtà bí omi ò tilẹ̀ kàn án. Ẹ̀rí rẹ̀ wà níwájú wa: ibi tí kùkù ti pòkúdu, tó ti sán wẹ́wẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ìpẹtà ti jẹ irin jù nígbà tí a pa abẹ dé. Ọ̀gá tíṣà ti ń dá ìyá àgbà lẹ́bi pé ẹ̀bá àmù ló gbé agolo náà sí. Ìyá àgbà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ó fẹ́ kí n fi kùkù náà sílẹ̀ nítorí pé ọwọ́ bàbá ló dì í mú. Mo kọ̀. Mo ní kó gbé e pamọ́ lọ́tọ̀, sínú ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ̀, kó jìnnà sí iná nítorí pé sẹlulóìdì máa ń jó wàì, kó má sì sí irin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ kùkù ara rẹ̀. A gbé abẹ lọ bá agbẹ́gilére kan tó mọ ìwo màlúù lò, ó gbẹ́ pẹlẹbẹ méjì, ó lu ihò sí wọn, ó sì fi wáyà idẹ tó nípọn ní mìlímítà 1.6 so wọ́n mọ́ abẹ, ó ń fi òòlù kékeré kàn án lórí jẹ́jẹ́ títí orí idẹ náà fi tẹ́. Kùkù yẹn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí mo bá lè sọ bẹ́ẹ̀ láìbí ẹnikẹ́ni nínú.

Kí n tó kan ìpẹtà, mo fa ẹnu abẹ náà lórí igun gíláàsì kó lè kú pátápátá. Abẹ tó ń mú ní ìdajì ló ń gé oníṣẹ́ lọ́wọ́. Mo wá lo sáńpépà olómi àti òróró masíìnì, ti 400 kọ́kọ́, ti 1000 lẹ́yìn rẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú rẹ̀ ń kúnná sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkúta), ìka mi ń lọ láti ẹ̀yìn abẹ sí ẹnu, kò padà láti ẹnu sí ẹ̀yìn. Ìpẹtà pupa ni mo ń lé. Àwọ̀ dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo fi í sílẹ̀, nítorí dúdú kì í jẹ irin bíi ti pupa, ẹni tó bá sì fẹ́ kí abẹ àtijọ́ máa kọ mànà bíi tuntun á fá irin tó nílò dànù. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ wá hàn. Èyí tó bá wà lókè, nítòsí ẹ̀yìn, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó wà nítòsí ẹnu ni kí ẹ wò dáadáa, nítorí bí òkúta bá ti jẹ irin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ihò á di ibi tó ya. Ọ̀kan wà láàárín gan-an lójú ẹnu, òmíràn wà ní ìdí, nǹkan bíi mìlímítà kan sókè.

Ibi tí mo ti ń wo ihò wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọlé. Ìyàwó àbúrò ọ̀gá tíṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ìyá wọn sì ti pinnu pé abẹ bàbá yìí ni wọn yóò fi fá orí ọmọ náà lọ́jọ́ keje. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ó fi fóònù lé mi lọ́wọ́ kí n bá ìyá sọ ọ́.

"Ẹ kú ilé, mà. Ẹ kú ìfojúsọ́nà ọmọ."

"O ṣeun, ọmọ mi. Abẹ bàbá mi ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, a ò ní lè fi í fá orí ìkókó."

"Kí ló dé? Abẹ tí bàbá mi fi fá orí gbogbo wa nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ara rẹ̀ ò ní ihò nígbà yẹn."

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe lè ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí máa ń wọ inú ihò bẹ́ẹ̀, ọṣẹ ò ní dé ibẹ̀. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B lè wà láàyè fún ọjọ́ méje ó kéré tán lẹ́yìn tó kúrò lára ènìyàn. Ohun tí à bá fi pa á, bíi omi bulíìsì, yóò tún mú irin yìí dípẹtà. Àwùjẹ ìkókó sì rọ̀. Abẹ tí wọ́n tẹ̀ sójú kan ṣoṣo, ojú ẹni tó ni ín, ó ṣeé ṣe; abẹ tó ń ti orí dé orí nínú ẹbí, rárá. Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n gbé fóònù fún ọmọ òun. Rẹ́sà tuntun ni wọ́n fi fá orí ọmọ náà nígbà tó dé.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sórí òkúta 1000. Ibí ni iṣẹ́ wà.

Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà pààràpà sójú òkúta náà, mo tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, mo sì ń fi òkúta gùn ún títí gbogbo ìlà fi pa rẹ́. Òkúta tí àárín rẹ̀ ti jẹ wọlé kò lè pọ́n abẹ. Lẹ́yìn náà, mo fi téèpù dúdú táwọn oníná ń fi wé wáyà bo ẹ̀yìn abẹ ní ìpele kan, nítorí bàbá ti jẹ ẹ̀yìn yẹn tó. Téèpù máa ń gbé igun sókè díẹ̀, kò sì burú. Ẹni tó bá fi téèpù bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi téèpù parí, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń gbó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igun òkè àti igun ìsàlẹ̀ kò ní pàdé. Mo wá fi máákà kun ẹnu abẹ lọ́tùn-ún lósì, mo tẹ́ ẹ, mo fà á lọ fà á bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́.

Lápá kan, gbogbo yíǹkì lọ. Lápá kejì, yíǹkì lọ ní ìdí, ó lọ ní ṣóńṣó, ó kù ní àárín, fífẹ̀ ìka méjì. Mo gbé abẹ náà lé gíláàsì, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀: lápá yẹn, ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ àárín rẹ̀ kọjá, mo yí i padà, ó ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́. Abẹ náà wọ́. Díẹ̀ ni, ojú lásán ò lè rí i, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí òkúta pẹrẹsẹ má kan àárín rẹ̀ lápá kan láéláé. Ẹnu abẹ ni ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjì ti pàdé. Níbi tí wọn ò bá tíì pàdé, kò sí ẹnu níbẹ̀. Ọṣẹ aláwọ̀ ewé tí ọ̀gá tíṣà ti ń fi pa awọ ń dán ohun tí kò tíì sí ni.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ènìyàn lè máa fá a lọ títí àárín náà á fi bá àwọn yòókù, àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìdí àti ṣóńṣó á ti jẹ tán, ẹ̀yìn á ti tẹ́jú gbalasa. Mo ti rí abẹ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀nà kejì ni òkúta tóóró. Mo ní òkúta 1000 kan tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju íńṣì kan lọ. Irú rẹ̀ máa ń wọ ibi tí abẹ ti tẹ̀ wọlé. Mo ń fà á ní ìdábùú: ìdí abẹ ló ń kọ́kọ́ wà lórí òkúta, bí mo ṣe ń tì í lọ ni mo ń fà á sọ́dọ̀ ara mi, tó fi jẹ́ pé ṣóńṣó ló ń kúrò níbẹ̀ kẹ́yìn. Ẹnu abẹ ló ń ṣíwájú, bí ẹni fẹ́ bẹ́ pẹlẹbẹ tinrin kan kúrò lójú òkúta. Ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ wúwo. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, abẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tinrin báyìí á tẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹnu á gbé sókè kúrò lórí òkúta, òkúta á sì máa jẹ ibi tí ẹ ò rán an.

Ihò àárín ṣí bí mo ṣe rò, ó ya ẹnu. Mo ń bá a lọ títí mo fi kọjá rẹ̀. Èyí tó wà ní ìdí, mo fi í sílẹ̀, nítorí kí n tó lé e tán, n ó ti jẹ gbogbo ẹnu abẹ wọlé tó mìlímítà kan lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní fi fá nǹkan.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé 1000 ti parí iṣẹ́ rẹ̀? Mo gbé ẹnu abẹ sókè sábẹ́ gílóòbù, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹnu tó mú kì í dán, nítorí kò ní fífẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ lè bà lé. Ibi tó bá kọ mànà ti kú. Nígbà tí ibẹ̀ ṣókùnkùn láti ìdí dé ṣóńṣó, mo fi fá irun apá mi ní ìdí, ní àárín, ní ṣóńṣó, abẹ kan awọ ara ní gbogbo ibi, irun sì ń ṣubú láìfà. Kò tíì yẹ fún ojú ènìyàn o. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe èyí lórí 1000, ẹ má gbé e lọ sórí èyí tó kúnná jù, ẹ kàn máa fi àkókò ṣòfò ni.

Àwọn òkúta yòókù yá. 4000, 8000, 12000, omi lásán, ọwọ́ tó túbọ̀ ń fúyẹ́; ìkọ̀ọ̀kan wọn ń pa ìlà tí èyí tó ṣáájú fà sára irin rẹ́, kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ń ṣe. Àwọn kan á ní òkúta àdáyébá ló dáa, wọ́n á dárúkọ òkúta yẹ́lò tí wọ́n ń wà lórí òkè Ardennes ní Bẹ́ljíọ̀mù, èyí tí gánẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ tó ń gé irin. Òkúta dáadáa ni. Owó rẹ̀ sì lè ra ewúrẹ́.

Awọ inú agolo ti sán, mo pa á tì. Awọ ewúrẹ́ táwọn ará Ọ̀yọ́ ń fi ṣe tìmùtìmù tinrin jù fún iṣẹ́ yìí. Awọ màlúù tí ojú rẹ̀ dán ni mo gbà lọ́wọ́ aránbàtà kan, pẹ̀lú aṣọ kánfáàsì tó nípọn. Kánfáàsì ló ń ṣáájú, awọ ló ń tẹ̀lé e. Níbí, ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣíwájú, ẹnu ń wọ́ tẹ̀lé e, òdìkejì ohun tí a ṣe lórí òkúta. Bí a bá sì dé òpin, orí ẹ̀yìn la ti ń yí abẹ padà, a kì í gbé e sókè, a kì í sì yí i lórí ẹnu. Ẹni tó yí i lórí ẹnu ti gé awọ, ó sì ti dá iṣẹ́ padà sórí òkúta.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí, torí náà ọ̀gá tíṣà fúnra rẹ̀ wá ní òwúrọ̀ Sátidé. Mo ti fi ọṣẹ àti spírítì fọ abẹ náà. Ó fi omi gbígbóná àti aṣọ rẹ irùngbọ̀n títí ó fi rọ̀, ó fi ọṣẹ kùn ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ geere, bí abẹ ṣe ń lọ ni a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí irun. Ó dé àgbọ̀n, ó ní "yéè." Kò gé e, ó fà á ni. Irun àgbọ̀n le ju ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, òun ló máa ń sọ òótọ́.

Mo gbé abẹ náà sábẹ́ awò alágbẹ̀dẹ wúrà. Ní àárín, lápá tó wọ́ yẹn, àwọn ìlà 4000 ṣì wà níbẹ̀, gbọọrọ gbọọrọ. Ohun tí wíwọ́ rẹ̀ ń béèrè nìyẹn: kì í ṣe 1000 nìkan ló nílò òkúta tóóró, gbogbo ìpele ló nílò rẹ̀. Mi ò ní òkúta 12000 tó tóóró. Ohun tó gbà mí ni ọ̀rá pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń so wáyà fáìbà íntánẹ́ẹ̀tì ń fi dán orí wáyà wọn, èyí tó ní ìyẹ̀fun ìpọ́nrin tí kò tóbi ju màìkírọ́ọ̀nù kan lọ lójú rẹ̀. Wọ́n ń tà á, kò wọ́n, àti ti màìkírọ́ọ̀nù 3 pẹ̀lú. Mo fi omi lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tóóró kan, ti 3 ṣáájú, ti 1 tẹ̀lé e, ìlà yẹn lọ. Awọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó padà sí àgbọ̀n, kò pariwo mọ́.

Ọrùn rẹ̀ ni a fi òfin sí. Ó ní kókó wẹ́wẹ́ lábẹ́ àgbọ̀n láti ọjọ́ tó ti ń fi rẹ́sà fá a, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ní in. Irun wa máa ń ká. Bí ẹ bá fá a wọlé jù, ẹnu rẹ̀ tó mú á ká padà wọ inú awọ ara, ibẹ̀ á wú. Abẹ tó mú bí èyí lè dín in kù tàbí kó dá kún un, bí ọwọ́ bá ṣe lò ó ló ń ṣe. Mo ní kó máa fá a tẹ̀lé ibi tí irun ń lọ nìkan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má fa awọ ọrùn le kankan, kó má padà láti ìsàlẹ̀ sókè láti wá dídán. Igun abẹ sí ojú, nǹkan bíi digirí 30. Irun díẹ̀ tí ọwọ́ á bá níbẹ̀ lálẹ́, kó fi í sílẹ̀.

Bó ṣe ń lò ó nílé nìyí. Kó tó fá, awọ. Lẹ́yìn tó bá fá tán, omi, aṣọ gbígbẹ, kó fi abẹ náà sílẹ̀ ní ṣíṣí kó gbẹ kó tó pa á dé. Bó bá máa pẹ́ kó tó tún lò ó, òróró ọmọ ìkókó tín-ín-rín lára irin. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òróró ẹ̀pà, tí yóò lẹ̀ pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀ bó bá pẹ́. Bí abẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí fà lẹ́yìn awọ, ọ̀rá màìkírọ́ọ̀nù 1 lórí gíláàsì tóóró, fífà díẹ̀, pẹ̀lú téèpù lórí ẹ̀yìn abẹ. 1000 ò sí nínú ọ̀rọ̀ àfi tí ẹnu bá ya. Ibi tó sì ti lè ya náà la ti mọ̀: lọ́jọ́ kan pípọ́n á gbé ẹnu dé ihò ìdí yẹn. Ó ti ra awò kékeré kan, ó ń wò ó kó tó gbé abẹ sí ojú.